Ìpín ilé-iṣẹ́ omi àtúnlò ní Arizona (GWRS): ibo ni èrè rẹ̀ ti ń wá gan-an?

Ọmọ_Ìbàdàn

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin àgbà inú ilé yìí. Ọ̀rọ̀ mi dá lórí Global Water Resources, ilé-iṣẹ́ omi tó fi Phoenix ní ìpínlẹ̀ Arizona ṣe ibùjókòó, tí àmì rẹ̀ lórí Nasdaq jẹ́ GWRS. Ohun tí wọ́n fi ń polówó ara wọn ni pé àwọn kì í jẹ́ kí omi ṣòfò. Omi tó bá ti inú balùwẹ̀ àti ilé ìdáná jáde, wọ́n á fọ̀ ọ́ mọ́, wọ́n á sì dá a padà gba inú páìpù aláwọ̀ àlùkò lọ síbi koríko àti adágún àdúgbò. Àjọ ìjọba ló ń fọwọ́ sí iye tí wọ́n lè gbà lọ́wọ́ oníbàárà. Oṣooṣù ni wọ́n ń san dífídẹ́ǹdì, ìyẹn owó tí wọ́n ń pín fún àwọn onípìn-ín.

Ohun mẹ́ta ló rú mi lójú. Àkọ́kọ́, bí oníṣòwò bá ń bẹ oníbàárà pé kó má ra ọjà púpọ̀, kí ló fẹ́ jẹ? Èkejì, èrè wọn ní 2024 jẹ́ sẹ́ǹtì 24 lórí ìpín kan, dífídẹ́ǹdì tí wọ́n san sì tó sẹ́ǹtì 30. Níbo ni mẹ́fà yòókù ti jáde? Ẹ̀kẹta, Nàìjíríà ni mo ti fẹ́ rà á, àbúrò mi sì fẹ́ rà á láti Manchester. Ṣé ohun kan náà ni yóò dé ọwọ́ àwa méjèèjì?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n délẹ̀ ni kó dáhùn. Ẹni tó fẹ́ sọ pé "omi ò lọ́tàá" kó fi èyí sílẹ̀ fún wa.

Olùṣírò

Ẹ kú ìbéèrè. Ẹ kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ àtúnlò sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná. Ilé-iṣẹ́ omi tí ìjọba ń díwọ̀n iye owó rẹ̀ kì í jèrè lórí omi tó tà. Orí owó tó rì mọ́lẹ̀ ló ti ń jèrè. Ní Arizona, Arizona Corporation Commission, tí gbogbo èèyàn ń pè ní ACC, ló ń ṣe ìdíwọ̀n náà. Kọmíṣọ́nnà márùn-ún ni, ará ìlú ló sì ń dìbò yàn wọ́n. Ẹ má gbàgbé ìbò yẹn, nítorí kò sí olóṣèlú tó fẹ́ kí bíìlì omi gbówó lórí lọ́dún ìbò.

Bí ìṣirò wọn ṣe ń lọ nìyí. Iye tí mo fẹ́ lò yìí jẹ́ àpẹẹrẹ lásán, kì í ṣe ti GWRS. Ká ní rate base jẹ́ $100 mílíọ̀nù. Ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni owó tí ilé-iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ná sórí kànga, páìpù, táǹkì àti ilé ìfọmi, lẹ́yìn tí wọ́n ti yọ iye tó ti gbó nínú wọn. 45% rẹ̀ jẹ́ gbèsè tí èlé rẹ̀ jẹ́ 5%, èyí jẹ́ $2.25 mílíọ̀nù lọ́dún. 55% yòókù jẹ́ owó àwọn onípìn-ín, àjọ sì gbà kí wọ́n jẹ 9.5% lórí rẹ̀, ó di $5.225 mílíọ̀nù. Kí ìyẹn tó dé ọwọ́ wọn, owó-orí ìjọba àpapọ̀ àti ti ìpínlẹ̀ gbọ́dọ̀ kúrò. Àpapọ̀ rẹ̀ ní Arizona fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 25%, nítorí náà ẹ fi bíi $1.74 mílíọ̀nù lé e. Ẹ fi $12 mílíọ̀nù owó iná, kẹ́míkà àti òṣìṣẹ́ kún un, àti $4 mílíọ̀nù fún gbígbó ohun èlò. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ $25.2 mílíọ̀nù. Bí oníbàárà bá jẹ́ 25,000, ẹnì kọ̀ọ̀kan yóò san bíi $84 lóṣù. Iye yẹn ni àjọ yóò fọwọ́ sí.

Ẹ wá wo ibi tí bàtà ti ń ta ẹsẹ̀. Ọdún tó ti kọjá ni ACC fi ń ṣe ìṣirò, ohun tó sì ti ń ṣiṣẹ́ fún ará ìlú ní ọdún náà ni wọ́n ń kà. Bí ilé-iṣẹ́ bá ná $20 mílíọ̀nù mìíràn lẹ́yìn ọdún yẹn, kò ní rí kọ́bọ̀ lórí rẹ̀ títí wọn yóò fi tún gbé ẹjọ́ iye owó tuntun lọ, ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ sì máa ń gbà ju ọdún kan lọ. Àmọ́ èlé gbèsè $9 mílíọ̀nù inú rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, ohun èlò náà sì ti ń gbó. Pẹ̀lú àpẹẹrẹ wa, èlé di $450,000, gbígbó (ká ní 2.5%) di $500,000. Lẹ́yìn owó-orí, bíi $712,000 ti kúrò nínú èrè onípìn-ín. Èrè wọn di $4.51 mílíọ̀nù lórí $66 mílíọ̀nù, ìyẹn 6.8%. Wọ́n ní kí ẹ jẹ 9.5%, 6.8% lẹ jẹ, kò sì sí ẹni tó jalè. Àárín èyí tí wọ́n fọwọ́ sí àti èyí tó dọ́wọ́ yẹn ni kí ẹ máa wá nínú ìwé ilé-iṣẹ́ omi yòówù kó jẹ́.

Ní oṣù Kejìlá 2024, ACC gbé ìlànà kan jáde tó fàyè gba kí ilé-iṣẹ́ máa tún iye owó ṣe lọ́dọọdún lórí fọ́múlà tí wọ́n bá ti fẹnu kò sí. Bí ó bá fìdí múlẹ̀, àlàfo yẹn yóò dín kù. Ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ṣì gbọ́dọ̀ gbé ẹjọ́ tirẹ̀ wá kí wọ́n tó fún un.

Ìbéèrè kejì yín wà nínú èyí náà. Dífídẹ́ǹdì kì í ti inú èrè orí ìwé jáde ní tààràtà, inú owó tó wọlé ló ti ń jáde, owó gbígbó ohun èlò sì jẹ́ owó tí oníbàárà san tí ẹnikẹ́ni kò tíì gbé jáde. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi lè san 30 lórí 24. Àmọ́ owó gbígbó yẹn ló yẹ kó ra páìpù tuntun. Bí wọ́n bá fi san dífídẹ́ǹdì, wọ́n ní láti yá owó tàbí ta ìpín tuntun fi kọ́ ohun tuntun. GWRS sì ta ìpín tuntun fún ará ìlú ní 2025. Ẹni tó ń gba dífídẹ́ǹdì tí kò ra nínú ìpín tuntun, ìdá tirẹ̀ nínú ilé-iṣẹ́ ń sún kì.

Ìbéèrè tí mo máa ń fẹ́ kí èèyàn kọ́kọ́ bèèrè ni: ta ló sanwó páìpù yìí? Páìpù aláwọ̀ àlùkò tí ẹ rí nínú àwòrán wọn, púpọ̀ nínú rẹ̀ ni àwọn tó ń kọ́ ilé tà ti rà, tí wọ́n sì fi ta ilé-iṣẹ́ omi lọ́rẹ. Ohun tí wọ́n bá fúnni lọ́fẹ̀ẹ́ kì í wọ rate base. Ó lè jẹ́ páìpù tó dára jù lọ láyé, onípìn-ín kò ní jẹ ohunkóhun lórí rẹ̀. GWRS tún ní àdéhùn kan pẹ̀lú àwọn kọ́lékọ́lé, ICFA ni wọ́n ń pè é. Lẹ́yìn tí òun àti ACC parí ọ̀rọ̀ ní 2014, 70% owó ICFA di owó ìsopọ̀, tó jẹ́ pé orí ohun èlò nìkan ni wọ́n lè ná an sí, tí kò sì ní wọ rate base. 30% yòókù nìkan ló ń di owó wọlé. Nítorí náà, bí ẹ bá rí i tí owó ICFA pọ̀ lọ́dún kan, ẹ má fi ìyẹn wọn èrè ọdún tó ń bọ̀.

Ẹlẹ́rọ_Omi

Ọ̀gá Olùṣírò ti sọ apá owó, ẹ jẹ́ kí n sọ apá ilẹ̀, nítorí àtúnlò yìí kì í ṣe ọ̀ṣọ́ lásán. Òun ló jẹ́ kí ilé-iṣẹ́ náà lè dàgbà.

Ìlú Maricopa ni ọ̀pọ̀ oníbàárà wọn wà. Ẹ ṣọ́ra níbí: ìlú Maricopa wà nínú Pinal County. Maricopa County lọ́tọ̀, inú rẹ̀ ni Phoenix wà. Mo ti rí i tí èèyàn ń gbé iye ilé tuntun Maricopa County wá fi ṣàlàyé GWRS. Èèyàn 1,040 ló wà ní ìlú yẹn nígbà ìkànìyàn 2000. Nígbà tó fi di 2020, wọ́n ti di 58,125. Inú aṣálẹ̀ ni gbogbo èyí ti ṣẹlẹ̀. Òfin omi abẹ́ ilẹ̀ tí Arizona ṣe ní 1980 ló mú kí ẹni tó fẹ́ pín ilẹ̀ tà ní agbègbè bíi Pinal àti Phoenix máa fi hàn pé omi tó tó ọgọ́rùn-ún ọdún wà níbẹ̀. Ní oṣù Kẹfà 2023, ìpínlẹ̀ náà sọ pé àwọn ò ní fún ẹnikẹ́ni ní ìwé ẹ̀rí tuntun mọ́ ní agbègbè Phoenix bó bá jẹ́ omi abẹ́ ilẹ̀ nìkan ló gbójú lé. Odò Colorado náà ti ń fà sẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n kéde ọ̀dá ìpele kìíní fún 2022, Arizona pàdánù 512,000 acre-foot, àwọn àgbẹ̀ Pinal ni ìyà rẹ̀ sì jẹ jù. Acre-foot kan jẹ́ 325,851 gálọ́ọ̀nù.

Ẹ wo ohun tí àtúnlò ń ṣe sí ìṣirò yẹn. Ilé kan tí èèyàn mẹ́ta ń gbé, tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń da bíi gálọ́ọ̀nù 55 sínú gọ́tà lójúmọ́, ń mú gálọ́ọ̀nù 60,000 jáde lọ́dún. Ilé ẹgbẹ̀rún kan, ó di bíi acre-foot 185. Bí omi yẹn bá ń bomi rin koríko, a ò ní fa irú rẹ̀ láti inú kànga. Ilé-iṣẹ́ náà sọ pé omi tí àwọn ti tún lò láti 2004 ti lé ní bílíọ̀nù 17 gálọ́ọ̀nù.

Kí ló ń bàjẹ́ níbẹ̀? Ó pọ̀. Omi tí wọ́n ń pè ní Class A+ ní Arizona ní òfin tirẹ̀: ìdàrú omi náà kò gbọ́dọ̀ ju 2 NTU (ìwọ̀n tí a fi ń mọ bí omi ṣe dàrú tó) lọ bí a bá fi wákàtí 24 pín in dọ́gba, kò sì gbọ́dọ̀ kọjá 5 NTU ní ìṣẹ́jú kankan. Nínú àyẹ̀wò ọjọ́ méje tó gbẹ̀yìn, mẹ́rin gbọ́dọ̀ wà tí kò sí kòkòrò àrùn inú ìgbẹ́ níbẹ̀ rárá, àyẹ̀wò kan ṣoṣo kò sì gbọ́dọ̀ kọjá 23 nínú mílílítà 100. Àmì + yẹn túmọ̀ sí pé nitrogen inú rẹ̀ kò tó mílígíráàmù 10 nínú lítà kan. Bí òjò àfìjì oṣù Keje sí Kẹsàn-án bá ya wọ inú páìpù omi ìdọ̀tí, àwọn kòkòrò àǹfààní tó ń jẹ ẹ̀gbin nínú táǹkì lè bá omi ṣàn lọ. Asẹ́ á dí, ìdàrú á gòkè, fáàfù á sì darí omi náà padà fúnra rẹ̀ kó má bàa wọ páìpù àlùkò. Láàárín wákàtí yẹn, ẹ gbọ́dọ̀ ní táǹkì tàbí adágún tí yóò gbà á. Ilé-iṣẹ́ tí kò bá ní ibi ìpamọ́ tó tó ló máa ń jẹ owó ìtanràn.

Ìṣòro kejì ni iyọ̀. Omi Arizona le, àwọn ará ilé a máa lo ẹ̀rọ tó ń fi iyọ̀ rọ omi. Iyọ̀ yẹn á wọ gọ́tà, kò sì sí asẹ́ lásán tàbí ìmọ́lẹ̀ UV tó lè yọ ọ́. Bí ó bá pọ̀ jù, etí koríko á jóná, ẹgbẹ́ onílé á sì máa pè yín lójoojúmọ́. Ẹ̀rọ tó lè yọ iyọ̀ gan-an máa ń fi omi iyọ̀ kíkorò sílẹ̀, ibi tí a ó dà á sí láàárín aṣálẹ̀ jẹ́ wàhálà tuntun pẹ̀lú owó tuntun.

Ẹ̀kẹta, oṣù Kẹfà ni koríko ń mu omi jù, àwọn èèyàn sì ń ṣe ẹ̀gbin ní oṣù Kìíní náà. Omi ìgbà òtútù gbọ́dọ̀ níbi tí yóò lọ: kí a rọ̀ ọ́ padà sínú ilẹ̀ kí ìpínlẹ̀ lè kọ ọ́ sílẹ̀ fún wa, tàbí kí a tú u dà pẹ̀lú ìwé àṣẹ. Ẹ̀kẹrin ni ìjàm̀bá: kí ẹnì kan so páìpù àlùkò mọ́ páìpù omi mímu. Ìdí tí a fi kùn ún ní àlùkò nìyẹn, tí a sì máa ń dí páìpù omi mímu pa fún ìgbà díẹ̀ láti dán ìsopọ̀ wò.

Ọ̀rọ̀ kan fún olùdókòwò: àsìkò tí wọ́n ti gbẹ́ ilẹ̀ tán, tí kò tíì sílé níbẹ̀, ni páìpù kejì rọrùn. Fífọ́ títì tí wọ́n ti dà ní kọnkéré kí a tó ri páìpù àlùkò máa ń gbówó lórí débi pé kò sí kọmíṣọ́nnà tó fẹ́ fọwọ́ sí i. Nítorí náà, bí ilé-iṣẹ́ kan bá ń sọ pé òun yóò gbé àtúnlò lọ sí àdúgbò àtijọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà, ẹ bi í pé ibo ni páìpù yóò gbà.

Ọmọ_Ìbàdàn

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin ọ̀gá. Ó ti ń yé mi. Ẹ̀gbọ́n Olùṣírò, ẹ ò tíì sọ̀rọ̀ lórí oníbàárà tó ń lo omi díẹ̀. Àti ti owó-orí o, ẹ má fi mí sílẹ̀.

Àgbà_Ọjà

Ẹ jẹ́ kí n gba ti ìṣọ́-omi-lò, nítorí ibẹ̀ ni mo ti yàtọ̀ díẹ̀ sí àwọn tó ń yìn ín.

Ẹ padà sí àpẹẹrẹ $25.2 mílíọ̀nù yẹn. Ká ní 60% bíìlì ń wá láti orí gálọ́ọ̀nù tí oníbàárà lò, 40% sì jẹ́ owó mítà tí kì í yí padà. Bí àwọn èèyàn bá dín omi kù ní 10%, owó wọlé á dín ní 6%, bíi $1.5 mílíọ̀nù. Kí ni ilé-iṣẹ́ rí fi pamọ́? Iná àti kẹ́míkà díẹ̀, ká ní $200,000. Páìpù kò kéré sí i, òṣìṣẹ́ kò dín kù, báńkì kò dín èlé. Lẹ́yìn owó-orí, bíi $985,000 ni onípìn-ín pàdánù nínú $5.225 mílíọ̀nù, ìyẹn 19%. Omi dín ní 10%, èrè dín ní 19%. Ìdí nìyẹn tí "à ń ṣọ́ omi lò" kì í fi ṣe ìròyìn ayọ̀ fúnra rẹ̀, àyàfi bí àjọ bá ti ṣètò ohun tí yóò dí ihò yẹn.

California ni ẹ ti lè rí ìjà náà ní kedere. Wọ́n ní ètò kan tí wọ́n ń pè ní WRAM: bí omi tí a tà bá kéré sí èyí tí àjọ ṣírò, oníbàárà á san àlàfo náà díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn. Bó bá pọ̀ jù, wọ́n á dá owó padà fún oníbàárà. Ní oṣù Kẹjọ 2020, àjọ wọn, CPUC, sọ pé kí àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń lò ó má ṣe bèèrè fún un mọ́ nínú ẹjọ́ tó ń bọ̀. Àwọn aṣòfin dá sí i ní 2022 pẹ̀lú òfin tó fàyè gba irú ètò bẹ́ẹ̀, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ìpínlẹ̀ náà sì fagi lé ìpinnu CPUC ní oṣù Keje 2024. Ọdún mẹ́rin gbáko ni àwọn tó ní ìpín nínú irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fi ń ṣiyèméjì.

GWRS ń lo ọ̀nà mìíràn: owó gálọ́ọ̀nù ń gòkè bí ìlò ṣe ń pọ̀, ẹni tí ìlò rẹ̀ kò bá sì kọjá ààlà kan ń gba ẹ̀dínwó. Ó dára fún omi. Fún onípìn-ín, ohun tó yẹ kí ẹ wò ni iye gálọ́ọ̀nù tí àjọ fi ṣírò owó, àti iye tí ilé kọ̀ọ̀kan ń lò báyìí. Bí ti báyìí bá ti kéré sí ti ìṣirò, wọ́n ń jò títí di ẹjọ́ tó ń bọ̀. Ọdún tí òjò bá pọ̀ ń ṣe irú jàm̀bá kan náà.

Ohun tó tún ń kọ mí lóminú ni pé ibì kan ṣoṣo ni gbogbo ẹyin wà. Ìlú kan, àjọ kan, àwọn kọ́lékọ́lé díẹ̀. Nígbà tí ọjà ilé dẹnu kọlẹ̀ ní 2007 sí 2009, Pinal wà lára ibi tí ìyà rẹ̀ jẹ jù. Ìlú sì lè gba ilé-iṣẹ́ mọ́ yín lọ́wọ́. Ní 2015, City of Buckeye gba Valencia Water kúrò lọ́wọ́ GWRS. Wọ́n san $55 mílíọ̀nù, pẹ̀lú àdéhùn $3,000 lórí mítà tuntun kọ̀ọ̀kan fún ogún ọdún, tí àpapọ̀ rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ kọjá $45 mílíọ̀nù. Kì í ṣe owó kékeré, ṣùgbọ́n ẹ ò yan àsìkò, ẹ ò sì yan oníbàárà.

Bó bá jẹ́ èmi ni, màá fi GWRS ṣe èyí tó kéré jù nínú ohun tí mo rà. American States Water ti ń fi kún dífídẹ́ǹdì rẹ̀ lọ́dọọdún láti 1954. American Water Works wà ní ìpínlẹ̀ púpọ̀, àjọ kan kò lè fi ìbínú bà á jẹ́. Ẹ má sì rò pé àpò ìdókòwò omi bíi PHO tàbí FIW yóò fún yín ní ohun kan náà. Àwọn tó ń ṣe pọ́ǹpù, mítà àti ohun èlò ilé àyẹ̀wò ló pọ̀ nínú wọn, àwọn yẹn kò sì ní àjọ tó ń díwọ̀n owó wọn.

Olùṣírò

Mo fara mọ́ ohun tí Àgbà_Ọjà sọ, àfi ibì kan. Ibì kan ṣoṣo yẹn gan-an ló mú kí omi mímu àti omi ìdọ̀tí wà lọ́wọ́ ẹnì kan náà. Santa Cruz Water ló ń ta omi mímu, Palo Verde ló ń gba omi ìdọ̀tí tó sì ń dá omi àtúnlò padà, ilẹ̀ kan náà ló wà nínú ìwé àṣẹ àwọn méjèèjì. Níbi tí ìjọba ìbílẹ̀ ti ni gọ́tà, tí aládàáni ni omi mímu, ìjà ta ló ni omi tí wọ́n fọ̀ kì í tán. Àǹfààní yẹn kò sí níbi tí wọ́n bá kàn ra kànga káàkiri.

Aṣírò_Owó_Orí

Ẹ kú ìpàdé. Ọmọ_Ìbàdàn, owó tí yóò dé ọwọ́ ẹ̀yin àti àbúrò yín kò dọ́gba rárá.

Nàìjíríà kò ní àdéhùn owó-orí pẹ̀lú Amẹ́ríkà, nítorí náà 30% ni wọ́n ń yọ kúrò lórí dífídẹ́ǹdì kó tó kúrò lọ́hùn-ún. Ẹ gba ìpín 100. Dífídẹ́ǹdì $0.02533 lóṣù, tí ilé-iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í san ní ìparí 2024, jẹ́ $2.53. Lẹ́yìn owó-orí, $1.77 ló kù. Bí alágbàtà yín bá tún ń gba owó láti sọ dọ́là di náírà tàbí láti fi ránṣẹ́, ẹ má gbé e jáde lóṣooṣù. Ẹ jẹ́ kó kó jọ, tàbí kí ẹ tún fi ra ìpín. Owó oṣooṣù dára létí, ṣùgbọ́n bí owó ìfiránṣẹ́ ẹ̀ẹ̀kan bá jẹ́ $10, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ dífídẹ́ǹdì oṣù mẹ́fà tán.

Ti Manchester, àdéhùn wà láàárín Britain àti Amẹ́ríkà, ó sọ 30% di 15%, bí àbúrò yín bá ti fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù W-8BEN, èyí tó ń fi hàn pé òun kì í ṣe ará Amẹ́ríkà, lọ́dọ̀ alágbàtà rẹ̀. Fọ́ọ̀mù náà ń kú ní ìparí ọdún kẹta lẹ́yìn ọdún tí wọ́n fọwọ́ sí i. Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í rántí títí 30% yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í kúrò. Bó bá fi sínú ISA, àkáǹtì ìfowópamọ́ tí Britain kì í gba owó-orí lórí rẹ̀, Britain kò ní gba nǹkan kan, àmọ́ 15% ti Amẹ́ríkà ṣì ń lọ. Inú SIPP, àkáǹtì owó ìfẹ̀yìntì, tí ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ bá ti ṣètò rẹ̀ dáadáa, Amẹ́ríkà lè má yọ ohunkóhun. Bí kò bá sí nínú èyíkéyìí nínú méjèèjì, £500 dífídẹ́ǹdì àkọ́kọ́ lọ́dún kò ní owó-orí ní Britain láti oṣù Kẹrin 2024, a sì lè yọ 15% ti Amẹ́ríkà kúrò nínú èyí tó kù láti san.

Ohun tí ẹnikẹ́ni kì í fẹ́ gbọ́: bí ẹni tí kì í ṣe ará Amẹ́ríkà bá kú, tí ìpín ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà tó ní bá lé ní $60,000, owó-orí ogún wà lórí èyí tó lé, ó sì lè tó 40%. Àdéhùn Britain dín in kù. Nàìjíríà kò ní irú àdéhùn bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe GWRS nìkan ni èyí kàn, gbogbo ìpín Amẹ́ríkà tí ẹ ní ni wọ́n ń kà pọ̀.

Nígbà tí ẹ bá ń rà á, ẹ lo limit order, ìyẹn kí ẹ sọ iye tó ga jù tí ẹ lè rà á. Ilé-iṣẹ́ kékeré ni, ìpín tó ń yí ọwọ́ lójúmọ́ kò pọ̀, àlàfo láàárín iye tí wọ́n ń tà àti iye tí wọ́n ń rà lè jẹ́ sẹ́ǹtì mélòó kan. Bí ẹ bá kàn ní kí wọ́n rà á ní iye yòówù, ẹ lè fi dífídẹ́ǹdì oṣù kan tàbí méjì ṣòfò lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹ sì kọ́kọ́ wò ó bóyá ó wà lórí áàpù tí ẹ ń lò ní Nàìjíríà, nítorí kì í ṣe gbogbo ìpín Nasdaq ni wọ́n ń gbé síbẹ̀.

Ọmọ_Ìbàdàn

Ọlọ́run á san án fún yín. Ìbéèrè kan péré ló kù: ibo ni mo ti lè rí iye gálọ́ọ̀nù tí àjọ fi ṣírò, àti ti rate base yẹn?

Olùṣírò

Ìwé 10-K wọn, ìyẹn ìròyìn ọdọọdún ilé-iṣẹ́, lórí EDGAR, lójú òpó SEC, àjọ tó ń ṣọ́ ọjà ìpín Amẹ́ríkà, ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹ lọ sí abala tó ń sọ̀rọ̀ nípa ìpinnu àjọ, ẹ ó rí ọjọ́ ìpinnu tó gbẹ̀yìn àti ìdá èrè tí wọ́n fọwọ́ sí. Nínú ìwé ìnáwó, ẹ mú iye ohun èlò lẹ́yìn gbígbó, ẹ yọ ohun tí kọ́lékọ́lé fi ta wọ́n lọ́rẹ, ẹ yọ owó tí kọ́lékọ́lé yá wọn tí wọn yóò dá padà. Ẹ fi èyí tó kù wé rate base inú ìpinnu. Àlàfo náà ni owó tí kò tíì máa jèrè.

Gálọ́ọ̀nù kò sí nínú 10-K bó ṣe yẹ. Ẹ lọ sí eDocket ti ACC, ẹ fi Palo Verde tàbí Santa Cruz Water wá a. Ẹjọ́ tí wọ́n gbé lọ ní oṣù Kẹta 2025 wà níbẹ̀. Ẹ wá ìpele H nínú àwọn táábìlì ilé-iṣẹ́: ibẹ̀ ni wọ́n ti ń to bíìlì oníbàárà lẹ́sẹẹsẹ gẹ́gẹ́ bí ìlò wọn. Lẹ́yìn náà, ẹ ka ẹ̀rí àwọn òṣìṣẹ́ ACC fúnra wọn, kí ẹ sì ka ti RUCO, ọ́fíìsì ìjọba tó ń gbèjà àwọn onílé. Iye tí RUCO ń dábàá ló máa ń kéré jù, ti ilé-iṣẹ́ ló máa ń ga jù. Bí ìṣirò tí ẹ fi fẹ́ ra ìpín náà bá ṣe é jẹ pẹ̀lú iye RUCO, ẹ rà á. Bó bá jẹ́ pé iye ilé-iṣẹ́ nìkan ló mú un ṣe é jẹ, ẹ dúró títí àwọn kọmíṣọ́nnà yóò fi dìbò.